Láti M9 sí M17: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Ogun Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Pààrọ̀ Ìbọn Ìléwọ́ Rẹ̀

Bí ẹ bá wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti gba ìbọn ìléwọ́ M9 lọ́wọ́ yín tí wọ́n sì gbé M17 tàbí M18 fún yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìbọn tuntun yìí kò ṣòro. Àtàńpàkò yín ni iṣẹ́ wà. Ọdún gbọọrọ ni M9 fi kọ́ yín pé òkè là ń ti séfítì (irin kékeré tó ń dá ìbọn dúró kó má dún) sí bí a bá fẹ́ yìnbọn, ìsàlẹ̀ bí a bá fẹ́ tì í pa. M17 dojú ẹ̀kọ́ yẹn délẹ̀: ìsàlẹ̀ lẹ ó tì í sí kí ìbọn tó lè dún, òkè lẹ ó tì í sí kí ó tó dákẹ́. Ẹni tí kò bá tíì tún àtàńpàkò rẹ̀ kọ́, bó ti wù kó mọ ìbọn yìn tó, kò tíì yẹ kó gbé ìbọn yìí jáde.

Àwa tó ń ka Yorùbá nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe díẹ̀. Nígbà tí ètò MAVNI ṣì ń gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ onílùú wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, láàárín ọdún 2009 sí 2016, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Ẹni tó gba ọ̀nà yẹn wọlé lè ti di sájẹ́ǹtì báyìí, kó máa kọ́ àwọn ọmọdé iṣẹ́. M9 ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá nílẹ̀, òun ló sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun gan-an ni mo ń rò bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí pé ẹni tí kò di M9 mú rí kò ní ohunkóhun láti gbàgbé.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ìbọn yìí ti wá. M1911, tí ọta rẹ̀ jẹ́ .45, ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò títí di ọdún 1985, kí M9 ti ilé iṣẹ́ Beretta tó gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, wọ́n gbé iṣẹ́ ìbọn tuntun fún SIG Sauer, àdéhùn tí owó rẹ̀ lè tó 580 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ìbọn ti dé ọwọ́ ẹgbẹ́ 101st Airborne ní Fort Campbell, àwọn ló kọ́kọ́ gbà á. Kì í ṣe àwọn ọ̀gá nìkan ni wọ́n fún níbẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú ikọ̀ kéékèèké, tí púpọ̀ nínú wọn kò gbé ìbọn ìléwọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́ rí. M17 ni èyí tó gùn, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ íńṣì 4.7. M18 kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, íńṣì 3.9, òun sì ni àwọn ọmọ ogun òfurufú àti àwọn Marine yàn. Bí a ṣe ń lo ọ̀kan náà là ń lo èkejì, nítorí náà, ibi tí mo bá ti dárúkọ M17, kí ẹni tó ní M18 mọ̀ pé mo pe òun náà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn àgbà iṣẹ́ máa rán àwọn ọmọdé létí. Ara férémù, ìyẹn ara ìbọn tí ọwọ́ ń dì mú, ni séfítì M1911 wà, ìsàlẹ̀ ni yíyìn, òkè ni títì. M9 ló gbé séfítì lọ sára sìláìdì (irin òkè ìbọn tó ń sún lọ sún bọ̀) tó sì yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ráhùn pé M17 gbé àṣà àjèjì dé, ẹ sọ fún un pé àṣà àwọn tó ṣíwájú wa ló padà sílé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀

Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò léwu. Kí ìka ìlábẹ̀ yín nà gbọọrọ lára férémù, kó jìnnà sí tírígà. Ẹ ti séfítì sókè. Ẹ yọ màgasíìnì, àpótí kékeré tí a ń kó ọta sí nínú ìdìmú. Ẹ wá fa sìláìdì sẹ́yìn kí ọta tó bá wà nínú yàrá ọta, ní ìdí ọ̀pá ìbọn, fò jáde, kí ẹ sì gbé e kọ́ sẹ́yìn. Ẹ wo inú yàrá ọta, ẹ wo ihò tí màgasíìnì ti jáde, kí ẹ sì fi ìka kàn án, torí òkùnkùn máa ń tan ojú jẹ. Màgasíìnì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá fa sìláìdì kó tó yọ màgasíìnì, ọta kan ló lé jáde, òmíràn ló sì fà wọlé.

Ẹ ó ṣàkíyèsí ohun kan bí ẹ ti ń ṣe èyí. Lára M9, orí sìláìdì gan-an ni séfítì wà, ọwọ́ tó bá fa sìláìdì pẹ̀lú agbára lè gbá a wálẹ̀ láìmọ̀, kí ìbọn tì nígbà tí a kò fẹ́. Ti M17 wà lára férémù, nísàlẹ̀. Ẹ lè di sìláìdì mú gírí, kí ẹ fà á bó ṣe wù yín, ọwọ́ yín kò ní kan séfítì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kó bá ọwọ́ yín mu

Férémù kan ṣoṣo ni M9 ní fún gbogbo ènìyàn, ó sì sanra. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, pàápàá ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin inú iṣẹ́, ní láti yí ìbọn náà díẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ kí ìka tó dé tírígà. Ìyẹn nìkan tó láti gbé ọta lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. M17 wá pẹ̀lú ìdìmú ní ìwọ̀n mẹ́ta: kékeré, àárín, ńlá. Irin inú rẹ̀, ibi tí tírígà àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀ wà, ni ìbọn gan-an. Orí irin yẹn ni nọ́ńbà ìbọn wà, ẹ ó sì rí i láti ojú fèrèsé kékeré kan tí wọ́n ṣí sára ìdìmú. Ìdìmú jẹ́ aṣọ tí a lè bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀ ká wọ òmíràn.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó bá yín mu nìyí. Ẹ di ìbọn tí kò ní ọta mú kí ọ̀pá rẹ̀ àti egungun apá yín wà lórí ìlà kan. Ẹ fi ìka kan tírígà. Ibi tó rọ̀ lórí ìka ni kó bọ́ sí àárín tírígà, láìjẹ́ pé ọwọ́ yí. Ẹ fi àtàńpàkò ti séfítì sókè, kí ẹ tún gbá a wálẹ̀. Bí ẹ bá ní láti ṣí ọwọ́ kí àtàńpàkò tó dé e, ìdìmú náà tóbi jù fún yín. Àárín ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbà á bẹ́ẹ̀ láìbéèrè. Ẹ béèrè. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tọ́jú ohun ìjà ní ilé ìbọn, kí ẹ ní ẹ fẹ́ dán kékeré wò, tàbí ńlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe tú u fúnra yín ní yàrá.

Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, inú yín yóò dùn. Séfítì M17 wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni irin tó ń gbé sìláìdì kọ́ sẹ́yìn, èyí tí M9 fi sí apá òsì nìkan. Bọ́tìnì tó ń jù màgasíìnì sílẹ̀ náà ṣeé gbé sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé e.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún àtàńpàkò kọ́

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù.

Àṣìṣe méjì ló wà níhìn-ín, wọn kò sì jọra. Èkíní: ẹni tí M9 ti mọ́ lọ́wọ́ fa ìbọn yọ, àtàńpàkò rẹ̀ ti séfítì sókè bó ti máa ń ṣe, ó fa tírígà, ìbọn kò dún. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ìbọn pa níwájú ọ̀tá. Èkejì, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù: ó ti yìnbọn tán, ó fẹ́ dá ìbọn padà sínú àpò ìbọn, àtàńpàkò rẹ̀ gbá séfítì wálẹ̀. Lára M9, ohun tí ìyẹn ń ṣe ni pé ó ń tì í, ó sì ń rọ òòlù ẹ̀yìn ìbọn (irin tó ń mú kí ìdí ọta gbiná) sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lára M17, ìbọn tó ṣí sílẹ̀ ló ń tì bọ àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé òun ti tì í. Ó dà bí awakọ̀ Èkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń wá jíà níbi tí jíà kò sí. Orí mọ̀, ọwọ́ kò tíì gbọ́.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọta. Ẹ wá yàrá tí kò sí ọta kankan nínú rẹ̀, kí ẹ kó màgasíìnì tó ní ọta síta pátápátá. Ẹ yẹ ìbọn wò bí mo ṣe sọ ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, kí ẹnìkejì tún bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi àmì kan sára ògiri tó le, tí ènìyàn kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ fa ìbọn yọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ti kọjú sí àmì tí ọwọ́ méjèèjì sì ti pàdé, kí àtàńpàkò gbá séfítì wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìka tó wọ tírígà. Ẹ fà á. Ẹ wá tẹ̀ lé apá tó ṣe pàtàkì jù: ìka kúrò lórí tírígà, àtàńpàkò ti séfítì lọ sókè, ojú wò ó pé ó ti lọ sókè lóòótọ́, kí ìbọn tó padà sínú àpò. Ẹ máa fẹnu sọ ọ́ síta bí ẹ ti ń ṣe é: “Wálẹ̀” nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, “Sókè” nígbà tí ẹ bá ń tì í. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọmọdé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbìyànjú ẹ̀ ná. Etí ń ran ọwọ́ lọ́wọ́.

Ẹ má yára. Bí ẹ bá yára ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àtàńpàkò yóò padà sí ohun tó mọ̀, ẹ ó sì máa fi àṣìṣe náà kọ́ ara yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ dára ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ. Nígbà tí ó bá ti ń lọ láìronú, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn yín, kó máa pe “Yìn!” tàbí “Dá dúró!” láìsọ èyí tó ń bọ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kejì ṣe é, nítorí pé ọwọ́ tí ẹ gbójú lé lè fara pa. Ẹ̀rí pé àtàńpàkò ti kọ́ ni pé kó ṣe é dáadáa nígbà tí ọkàn yín wà níbòmíràn: ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì máa bi yín ní ìbéèrè bí ẹ ti ń ṣe é. Bí ó bá ṣì ń ṣì í níbẹ̀, ẹ kò tíì múra tán fún ọta.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ikọ̀ fetí sí: láàárín àsìkò yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ogun kan náà máa lo M9 lónìí kó tún lo M17 lọ́la. Ìbọn kò dé ibi gbogbo lọ́jọ́ kan náà, àwọn ẹgbẹ́ kan sì wà tí méjèèjì wà lọ́wọ́ wọn pọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pín in: àwọn kan M9, àwọn kan M17, títí tí gbogbo wọn yóò fi pààrọ̀ tán.

Ẹ̀yin ará wa tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Bìrìtéènì, ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Ní ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn ìléwọ́ Glock 17 rọ́pò Browning, wọ́n sì ra èyí tó lé ní 25,000. Ọta 13 ló ń wọ màgasíìnì Browning, 17 ló ń wọ ti Glock. Glock kò ní séfítì tí àtàńpàkò ń tì rárá. Ara tírígà rẹ̀ ni ìdènà wà. Ìka ìlábẹ̀ ni ẹ̀yin ní láti tún kọ́. Ìka tó bá ti mọ́ lára láti sinmi lórí tírígà nítorí pé séfítì wà ní títì, ìparun ni lórí Glock.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tírígà kan, ìfà kan

Lára M9, ìfà méjì ló wà. Ìgbà àkọ́kọ́, tírígà gùn, ó sì wúwo, nítorí pé ìka yín ló ń gbé òòlù ẹ̀yìn ìbọn sókè. Láti ìgbà kejì lọ, òòlù ti gbéra fúnra rẹ̀, tírígà wá kúrú, ó sì fúyẹ́. Àwọn tó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi agbára fa ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbé agbára yẹn wá sórí M17, ẹnu ìbọn yóò tẹ̀ wálẹ̀, ọta àkọ́kọ́ yóò sì bọ́ sísàlẹ̀ àmì.

M17 kò ní òòlù lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta wà nínú, ìfà àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn sì jẹ́ bákan náà. Ẹ gbé ẹyọ owó kan sórí ìbọn tí kò ní ọta, lẹ́bàá àmì ìfojúsùn iwájú, kí ẹ fa tírígà láìjẹ́ kí owó náà já bọ́. Ẹ fà á títí tí ẹ ó fi rí i pé ìka nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tí ọwọ́ tó kù dákẹ́. Ó tún fúyẹ́ ju M9 lọ ní nǹkan bí 100 gíráàmù, torí pé férémù M9 jẹ́ irin alumíníọ̀mù, ìdìmú M17 sì jẹ́ ike. Ẹ ó mọ ìyàtọ̀ yẹn ní ìbàdí kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: níbo ni àtàńpàkò ń sinmi?

Ìròyìn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìdánwò ohun ìjà ní ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2018, sọ ohun kan tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ni ní ìbọn yìí yẹ kó mọ̀. Nígbà ìdánwò, ìbọn tuntun náà ń dẹ́kun lọ́nà kan léraléra: ọta tán nínú màgasíìnì, sìláìdì kò sì kọ́ sẹ́yìn bó ti yẹ. Ó tó ìdajì gbogbo ìdádúró M17, ti M18 sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó yìn ín di ìbọn mú lọ́nà tí wọ́n kọ́ wọn, ọwọ́ gíga, àtàńpàkò méjèèjì kọjú síwájú. Àtàńpàkò náà sì bọ́ sórí irin tó ń gbé sìláìdì kọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìbọn kò lè gbé e sókè.

Ìyà tó ń tìdí èyí wá kì í ṣe kékeré. Ọmọ ogun rò pé ọta ṣì wà, ó fà, kò gbọ́ nǹkan kan ju “kọ́” lọ.

Ẹ máa di ìbọn mú bí ẹ ti ń ṣe, lókè dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àtàńpàkò ọwọ́ tó ń yìnbọn sinmi lórí séfítì tó ti wá sísàlẹ̀, tàbí kó dùbúlẹ̀ sórí àtàńpàkò kejì. Kí àtàńpàkò kejì nà síwájú nísàlẹ̀ irin náà, lára férémù, láìkàn án. Bí ẹ ó ṣe dán an wò láìlo ọta kan: ẹ ki màgasíìnì òfìfo bọ̀ ọ́, ẹ di ìbọn mú bí ẹ ó ṣe dì í mú lórí pápá, kí ẹnìkejì fa sìláìdì sẹ́yìn kó sì fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́. Bí kò bá kọ́, ẹ sún àtàńpàkò, ẹ tún ṣe é. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí nítorí pé kì í parọ́, kì í sì í ná ìjọba ní ọta kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àpò, àti bí ìbọn bá já bọ́

Àpò M9 kò bá M17 mu, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Àpò tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ lò, kí ó le, kí ó sì bo tírígà pátápátá.

Àwọn àgbà M9 máa ń fi àtàńpàkò tẹ òòlù ẹ̀yìn ìbọn bí wọ́n ti ń tì í bọ àpò. Bí nǹkan bá kọ́ tírígà, òòlù yóò máa gbéra sẹ́yìn, àtàńpàkò yóò sì mọ̀ ọ́n. M17 kò ní òòlù tí yóò kìlọ̀ fún yín. Bí okùn jákẹ́ẹ̀tì tàbí etí aṣọ bá wọ inú ihò tírígà, kò sí ohun tí yóò sọ fún yín. Nítorí náà, ẹ máa wo ẹnu àpò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń dá ìbọn padà, kí ẹ sì ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀bùn rí nítorí pé ó yára ti ìbọn bọ àpò.

Bí ìbọn bá ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó já bọ́. Ọwọ́ tó bá sáré mú un lófuurufú, tírígà ni ìka sábà máa ń bá. Lóòótọ́, nígbà ìdánwò, ìbọn yìí ní ìṣòro pé ó lè dún bó bá já lulẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà tírígà rẹ̀ sí èyí tó fúyẹ́ nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, kó já lulẹ̀ sàn ju kí ìka yín bá tírígà lófuurufú lọ. Ẹ gbé e ní pẹ̀lẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú ohun ìjà pé ó já bọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn tí ọmọ ogun òfurufú kan kú ní ibùdó F. E. Warren ní Wyoming, Global Strike Command, ẹ̀ka kan nínú àwọn ọmọ ogun òfurufú náà, dá lílo M18 dúró, wọ́n yẹ àwọn ìbọn wọn wò, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ. Awuyewuye lórí ìbọn tí a ti ṣe M17 jáde, P320, ti dé ilé ẹjọ́ léraléra láàárín àwọn aráàlú. Ilé iṣẹ́ náà sì ní ìbọn náà kì í dún láìjẹ́ pé a fa tírígà. Ohun tó kan ẹ̀yin ni pé kí ẹ má ṣe máa fi ọwọ́ ṣeré lórí ìbọn tó wà nínú àpò, kí ẹ má ṣe máa yọ ọ́ wò láìnídìí, kí ẹ sì máa ṣàkíyèsí bí séfítì bá ti ń rọ̀ jù tàbí tírígà kò bá padà síwájú tán. Ẹ má gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ dá a padà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Ìgbésẹ̀ keje: ọta gidi

Nígbà tí àtàńpàkò bá ti gbọ́ràn, ẹ lọ sí pápá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìtòsí, mítà márùn-ún sí méje. Ọta kan nínú màgasíìnì: ẹ fa ìbọn yọ, séfítì wálẹ̀, yìn, ìka jáde, séfítì sókè, padà sínú àpò. Ìdí tí mo fi ní ọta kan ni pé sìláìdì yóò kọ́ sẹ́yìn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó sì tún rí i bóyá àtàńpàkò wà níbi tó yẹ. Kó tó padà sínú àpò, ẹ yọ màgasíìnì, kí ẹ sì pa sìláìdì dé. Ẹ wá lọ sí ọta méjì, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n lára pé ìfà kejì kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa sún sẹ́yìn.

Ọta 17 ló ń wọ màgasíìnì M17, màgasíìnì gígùn sì ń gba 21. Ti M9 jẹ́ 15. Ẹni tó ti fi 15 sọ́kàn yóò máa pààrọ̀ màgasíìnì kó tó pọn dandan. Ọta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9 bíi ti M9, ṣùgbọ́n màgasíìnì M9 kò wọ̀ ọ́. Ọta méjì ni wọ́n ṣe fún un: M1152, tí orí rẹ̀ dí, àti M1153, tí orí rẹ̀ ní ihò, tó sì wúwo ju èkíní lọ. Níbi ìdánwò, M1152 ló ń fa ìdádúró jù. Èyí tí ẹ bá máa gbé lọ sẹ́nu iṣẹ́, ẹ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ yin díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí pápá.

Bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ ṣọ́ra fún àṣà M9 kan. Lára M9, ẹ lè fa tírígà lẹ́ẹ̀kejì, òòlù yóò tún gbá ìdí ọta náà, nígbà mìíràn yóò sì dún. M17 kò ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ lè fà á títí, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé séfítì wà nísàlẹ̀, torí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ẹ gbá ìdí màgasíìnì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kó lè wọlé dáadáa, ẹ fa sìláìdì sẹ́yìn pátápátá kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kó lọ fúnra rẹ̀, kí ẹ tún fojú sun àmì. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ lé sìláìdì lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ọta ṣe máa ń há.

Ẹ máa fi ọta òfìfo kan, ìyẹn ọta ìdánrawò tí kì í dún, pamọ́ sáàárín àwọn ọta gidi, kí ẹlòmíràn bá yín kó wọn sínú màgasíìnì kí ẹ má baà mọ ibi tó wà. Bí ó bá kàn án, ẹ ó rí i bóyá ọwọ́ yín gbá màgasíìnì tó sì fa sìláìdì, tàbí ó ń fa tírígà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ó tún rí i bóyá ẹnu ìbọn tẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí kò dún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: títú u, nínù ún, àti dídá a padà

Ẹ yọ màgasíìnì, ẹ gbé sìláìdì kọ́ sẹ́yìn, ẹ yẹ yàrá ọta wò. Ẹ yí irin tó wà lápá òsì férémù lọ sísàlẹ̀. Kò ní yí bí màgasíìnì bá ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ wá tú sìláìdì sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ dì í mú, kí ẹ sì fà á jáde síwájú. Ẹ kò ní láti fa tírígà rárá láti tú u. Sípíríǹgì àti ọ̀pá ìbọn yóò jáde láti abẹ́ sìláìdì. Ẹ nu eruku àti èéfín ọta kúrò, ẹ fi òróró díẹ̀ sójú ibi tí irin ti ń fara gbo irin. Àwọn tí wọ́n ń da òróró lé M9 bí ẹni tó ń din dòdò, ẹ dín in kù. Ibi tí yanrìn bá wà, òróró púpọ̀ á sọ yanrìn di ẹrẹ̀ nínú ìbọn.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà sí ilé ìbọn, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lójú fèrèsé ìdìmú, kí ẹ fi wé ti inú ìwé. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ìdìmú yín, nọ́ńbà kò yí padà, nítorí irin inú ló gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìwọ̀n ìdìmú yín wà lákọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, kí wọ́n má baà fún yín ní ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí ẹ bá padà wá gbà á. Bí ìbọn bá já bọ́, bí sìláìdì bá kọ̀ láti kọ́ lẹ́yìn tí àtàńpàkò ti kúrò lórí irin, tàbí bí séfítì bá ń sún fúnra rẹ̀ nínú àpò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì fi lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín lọ́wọ́.